Ta Ló Ni Ojú Bela Lugosi?

Ní ọdún 1942, ilé-iṣẹ́ fíìmù kékeré kan ní Hollywood, Monogram ni wọ́n ń pè é, gbé fíìmù kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Corpse Vanishes. Kò gùn ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nínú rẹ̀, àwọn ìyàwó tuntun ń ṣubú lulẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an. Wọ́n á ní wọ́n ti kú. Kí ẹbí tó sọkún tán, ọkọ̀ òkú ayédèrú á ti gbé ọmọge náà sá lọ. Akọ̀ròyìn obìnrin kan, Patricia Hunter, ló fura pé òdòdó ọ́kíìdì tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gbà lọ́jọ́ náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òórùn rẹ̀ ṣàjèjì. Ó tọpa òdòdó náà títí ó fi dé ilé Dókítà Lorenz. Dókítà yìí ló ń fa omi kan jáde lára àwọn ọmọbìnrin náà, tó sì ń fi abẹ́rẹ́ gún un sí ìyàwó tirẹ̀ lára kó má baà darúgbó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú pósí ni tọkọtaya náà ń sùn, kálukú nínú tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìtàn náà kún fún ihò bí ajere, owó tí wọ́n sì ná lé e lórí kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ pa ẹ̀rín tì díẹ̀, kí ẹ wo ọkùnrin tó ṣe Dókítà Lorenz. Ẹ wo bó ṣe ń dúró, bó ṣe ń yí ọrùn padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó tó fèsì, bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gùn títí ara á fi bù yín máṣọ. Kò sí ibì kankan tó ti fi ojú sọ fún wa pé òun náà mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ lásán ni. Ó ṣe é bí ìgbà tó wà níwájú ọba. Bela Lungosi kọ́ o, Bela Lugosi ni. Ọdún mọ́kànlá ṣáájú fíìmù yìí, kò sí òṣèré tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bani tó tirẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́tàlélógún ṣáájú rẹ̀, òun ló ń kó àwọn òṣèré jọ ní Budapest kí wọ́n lè dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Báwo ló ṣe wá dé inú pósí Monogram? Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ẹ̀ka yìí ni yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kó tó pẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde sì ti fọwọ́ sí tiyín.

Béla Ferenc Dezső Blaskó ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 1882 ni wọ́n bí i ní ìlú Lugos, tó wà lábẹ́ ìjọba Húngárì nígbà náà, tó sì ti bọ́ sí abẹ́ Románíà lónìí. Ó kéré nígbà tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó sá kúrò nílé, iṣẹ́ agbára ló fi ń jẹun kí ẹgbẹ́ eléré tó gbà á. Orúkọ tó mú lò lórí ìtàgé, Lugosi, kò ju ará Lugos lọ ní èdè wọn. Ẹ rí i bí ẹni pé ọmọ Ìjẹ̀bú kan lọ ṣeré ní òkèèrè, tó sì ní kí wọ́n máa pe òun ní Ará Ìjẹ̀bú. Ìlú rẹ̀ ló fi ṣe orúkọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ó bá àwọn ẹgbẹ́ eléré yí ká ìgbèríko. Ní Szeged, ní ọdún 1910, òun ni Romeo. Àwòrán kan ṣì wà tó fi í hàn bíi Jésù Kristi nínú eré ìjìyà Olúwa, irùngbọ̀n gígùn, ojú pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán náà láì mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ ò ní gbà pé òun kan náà ni. Ní 1913 ó wọ Ilé Ìtàgé Ìjọba ní Budapest, níbi tí wọ́n ti sábà ń fún un ní ipa kéékèèké. Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní ọdún kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó di ọ̀gágun kékeré nínú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, ó sì fara gbọgbẹ́ lójú ìjà pẹ̀lú àwọn ará Rọ́ṣíà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1916, ó padà sórí ìtàgé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù ní 1917 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, Arisztid Olt.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró díẹ̀ ni ọdún 1919. Ìjọba àtijọ́ ti wó ní Húngárì, àwọn kọ́múníìsì tí Béla Kun ń darí ti gba agbára. Lugosi wà lára àwọn tó ń ṣètò kí àwọn òṣèré ní ẹgbẹ́ tiwọn, kí ẹni tó ń ṣeré lè ní ẹnu ọ̀rọ̀ lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tó ti mọ ìyà òṣèré ìgbèríko ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe olóṣèlú tó ń wá ipò. Ìjọba náà kò lò ju ọjọ́ mẹ́tàléláàádóje lọ. Nígbà tó ṣubú, àwọn tó gbapò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ àwọn tó bá wọn ṣe, Lugosi sì sá lọ sí Vienna, ó gba ibẹ̀ lọ sí Berlin. Ó ṣe fíìmù díẹ̀ ní Jámánì. Ọ̀kan nínú wọn ni Der Januskopf, tí F. W. Murnau darí ní 1920. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣe nínú rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1920 ló bá ọkọ̀ ojú omi kan dé New Orleans gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún méjìdínlógójì, kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tó mọ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ẹnu. Ẹ wo ìṣòro! Káfíńtà tó bá sá kúrò nílùú rẹ̀ lè gbé òòlù lọ. Òṣèré tó bá sá, ohùn rẹ̀ ti kù sẹ́yìn. Ní New York, àwọn ará Húngárì tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣeré fún ní èdè wọn. Nígbà tí wọ́n fún un ní ipa nínú The Red Poppy ní 1922, ńṣe ló há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sórí bí ẹni há orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èrò mi ni pé ibẹ̀ ni ohùn tí gbogbo ayé ń sín jẹ títí dòní ti wá. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó ń wọn ọ̀nà kó má baà ṣubú lé èdè, ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n sì rò pé òkú ló ń sọ̀rọ̀.

Dracula ló gbé e ga. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní oṣù kẹwàá ọdún 1927, ní Fulton Theatre, wọ́n sì ṣe é ní ìgbà 261. Lugosi ni Kanta Dracula, ìjòyè ilẹ̀ Transylvania tó ti kú ṣùgbọ́n tí ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Kò fi eyín gígùn dẹ́rù bani. Kò nílò rẹ̀. Aṣọ alẹ́ àwọn ọlọ́lá ló wọ̀, aṣọ ìlékè dúdú gígùn lé e léjìká, ó ń tẹríba fún obìnrin bí ọmọlúàbí. Òṣìkà tó ní ìwà ẹ̀yẹ, ẹ̀rù rẹ̀ ju ti ẹhànnà lọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Universal fẹ́ sọ eré náà di fíìmù, kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ó ní láti wá ipa náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ó ń wá a lójú méjèèjì. Oníṣòwò tó bá ti rí i pé oúnjẹ òun ni ebi rẹ ń pa, iye tó bá wù ú ló máa dá lé e. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méje, ni wọ́n fún un: gbogbo rẹ̀ 3,500 dọ́là. Tod Browning ló darí rẹ̀. Fíìmù náà jáde ní oṣù kejì ọdún 1931, ó pa owó rẹpẹtẹ wọlé fún Universal, ó sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo fíìmù adẹ́rùbani tó tẹ̀ lé e. Ọdún yẹn náà ni Lugosi di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1932, ó kéde ní kóòtù pé òun ti wọko gbèsè.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún kan péré ló wà láàárín òkìkí àti gbèsè. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn fàájì, ó sì máa ń náwó bí ẹni tí ọ̀la kò ní dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa owó tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan, tí ohun tó bù nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan, bí kò tilẹ̀ jẹ fàájì kankan, ìgbà wo ni owó náà ì bá dúró?

Ipa ẹ̀dá abàmì inú Frankenstein bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1931, Boris Karloff ló gbà á, Karloff sì di ìràwọ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú fíìmù kan, Karloff ni orúkọ rẹ̀ máa ń ṣíwájú. Lugosi gba ohun tó bá rí. White Zombie, tí àwọn ará Halperin fi ọjọ́ mọ́kànlá yà ní 1932, ni a lè pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀ sínú fíìmù olówó kékeré, ó sì dára gan-an nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí ohun tó ṣe ní Budapest. Nígbà tí àwọn òṣèré Hollywood dá Screen Actors Guild sílẹ̀ ní 1933, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ohun tó lé e kúrò nílùú rẹ̀, ó tún gbé e ṣe nílùú onílùú.

Lẹ́yìn 1936, fíìmù adẹ́rùbani dáwọ́ dúró. Universal ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tuntun, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń kọ irú rẹ̀. Karloff rí ipa mìíràn ṣe. Lugosi kò rí. Ilé rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ìpọ́njú yìí ni ìyàwó rẹ̀, Lillian, bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní, Bela George, ní oṣù kìíní ọdún 1938. Ohun tó yọ ọ́ kì í ṣe àánú ẹnikẹ́ni. Ilé sinimá kan ní Los Angeles tí ọjà kò tà fún ló fi Dracula àti Frankenstein àtijọ́ hàn pa pọ̀ ní ọdún 1938, èrò sì ya bò ó. Ni Universal bá tún rántí pé ẹ̀rù ń pawó. Wọ́n pè é fún Son of Frankenstein ní 1939, níbi tó ti ṣe Ygor, ọ̀daràn tí wọ́n so kọ́ tí kò kú, tó ń gbé ọrùn wíwọ́ kiri. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Lugosi kò mọ̀ ju Dracula lọ, ẹ ní kó lọ wo Ygor. Ọdún kan náà ló lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe The Dark Eyes of London, tí wọ́n mú láti inú ìwé Edgar Wallace: Dókítà Orloff tó ń pa àwọn tó bá ní owó ìbánigbófò, tí òun kan náà sì ń díbọ́n bí baba afọ́jú aláàánú nínú ilé ìtọ́jú àwọn afọ́jú.

Báyìí la ṣe padà dé Monogram. Láàárín 1941 sí 1944, fíìmù mẹ́sàn-án ló ṣe fún olùgbéjáde Sam Katzman níbẹ̀. Invisible Ghost ni àkọ́kọ́, The Corpse Vanishes wà láàárín, Voodoo Man wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Nínú The Ape Man, ní 1943, wọ́n fi irun bò ó lójú, ó ń rìn tẹ̀ bí ìnàkí. Nínú Frankenstein Meets the Wolf Man, ti Universal lọ́dún yẹn náà, wọ́n fún un ní ipa ẹ̀dá abàmì náà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Nínú ìtàn, ẹ̀dá náà ti fọ́jú, ó sì ń sọ̀rọ̀. Lugosi nawọ́ síwájú, ó ń táràrà bí afọ́jú. Lẹ́yìn tí wọ́n ya á tán, wọ́n gé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì gé ibi tí wọ́n ti sọ pé ó fọ́jú kúrò pẹ̀lú. Ohun tó kù ni ọkùnrin kan tó nawọ́ síwájú láìnídìí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí máa ń bí mi nínú ju gbogbo fíìmù olówó kékeré rẹ̀ lọ, nítorí Monogram kò ní owó, ṣùgbọ́n wọn kò gé ahọ́n rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Dókítà Lorenz. Nínú The Corpse Vanishes, wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn náà dé ilé rẹ̀ lóru òjò, ó rí i níbi tó ti ń sùn nínú pósí, ilẹ̀ sì mọ́, ó bi í léèrè. Lorenz dáhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ pé pósí rọ òun lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Òṣèré mìíràn ì bá fi ibẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Lugosi sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé irú tíì tó fẹ́ràn. Ìyá arúgbó tó ń sìn ín, tí Lorenz pa ọmọ rẹ̀, ló sì wá fi ọ̀bẹ gbẹ̀san níkẹyìn. Bó ṣe kú náà, ó kú bí ẹni ńlá.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìgbà àìmọye ló ṣe Dracula nínú fíìmù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Èkejì ni Abbott and Costello Meet Frankenstein ní 1948, eré ẹ̀fẹ̀, tó sì kọ̀ láti fi ipa tirẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, ní ìlú kan sí èkejì, kò bọ́ aṣọ dúdú náà sílẹ̀. Ó tún gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951.

Gbogbo àsìkò yìí, ìrora kan wà tó ń ti ìbàdí sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n gbà pé ọgbẹ́ ogun ló fà á. Oògùn tí wọ́n fún un fún ìrora náà, morphine, ló wá di ọ̀gá rẹ̀. Lillian fi í sílẹ̀ ní 1953. Ní oṣù kẹrin ọdún 1955, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ìjọba, ó ní kí wọ́n gba òun sí ilé ìwòsàn kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Kò fi pamọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn wá ya àwòrán rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe rù hangogo. Láyé ìgbà náà, òṣèré Hollywood kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ hàn síta. Ó jáde ní oṣù kẹjọ, ara rẹ̀ ti mọ́, oṣù kan náà ló sì fẹ́ ìyàwó karùn-ún, Hope Lininger.

Ẹni tó ń fún un níṣẹ́ lásìkò yìí ni Ed Wood, olùdarí tí kò ní owó tí kò sì ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn Lugosi dọ́kàn. Ó fi í sínú Glen or Glenda ní 1953 àti Bride of the Monster ní 1955. Bí ẹ bá ti wo fíìmù Ed Wood tí Tim Burton ṣe ní 1994, tí Martin Landau fi ipa Lugosi gba Oscar, ẹ ti mọ díẹ̀. Mo fẹ́ràn fíìmù náà, àmọ́ ó sọ bàbá náà di abúni tí ẹnu rẹ̀ kò mọ́, ọmọ rẹ̀ sì ti sọ pé bàbá òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kú ní Los Angeles ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1956, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Wọ́n sin ín sí Holy Cross Cemetery ní Culver City, pẹ̀lú aṣọ Dracula lọ́rùn. Ed Wood sì ní fíìmù díẹ̀ tó ti yà nípa rẹ̀ lọ́wọ́. Ó hun ìtàn yí i ká, ó pè é ní Plan 9 from Outer Space, ó sì wá ọkùnrin mìíràn tó ga jù ú lọ pé kó dípò rẹ̀. Ọkùnrin náà fi aṣọ dúdú bo ojú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a má baà rí i pé kì í ṣe Lugosi.

Ọ̀rọ̀ ojú náà kò tán síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Universal ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìbòjú, ohun ìṣeré ọmọdé àti aṣọ tí àwòrán Dracula wà lára rẹ̀, ojú Lugosi sì ni Dracula náà. Hope àti Bela George, tó ti di lọ́yà, gbé wọn lọ sí kóòtù. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre. Ní oṣù kejìlá ọdún 1979, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀ California yí ìdájọ́ náà padà: ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní láti fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ ṣòwò ti bá a lọ sí sàréè bí kò bá tíì lò ó bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Rose Bird, adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ náà, kò fara mọ́ ọn. Láti ọdún 1985, òfin tuntun ní California fún àwọn àrólé ní àṣẹ lórí orúkọ, ohùn àti àwòrán olókìkí tó ti kú, fún àádọ́ta ọdún lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ ọ́ di àádọ́rin. Ẹjọ́ tí ọmọ ará Lugos pàdánù wà lára ohun tó bí òfin náà.